Ọyẹ́ bo òkè Ṣábẹ̀: kí ni kí n fi mọ ọ̀nà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Lópin ọ̀sẹ̀, VTT, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè àti inú igbó, ni mo máa ń gùn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì sì máa ń fi àwòrán-ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì sáré nínú igbó. Ẹnì kan á lọ so aṣọ pupa mọ́ ibi mẹ́wàá, á sàmì sí wọn lórí àwòrán, àwa yòókù á wá máa wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Sweden fi kọ́ńpáàsì kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ètò ìdárayá tí òun ń tẹ̀ lé nígbà òtútù wọn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, mo ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta. Òkè tí mo fi ń mọ ibi tí mo wà kò hàn mọ́, kọ́ńpáàsì náà kò sì dá mi lójú. Ṣé kí n dúró kí ọyẹ́ lọ ni, àbí kí n máa bá ètò ọ̀rẹ́ mi lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre. Má dúró rárá. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun, inú ọyẹ́ sì ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa rírin igbó, nítorí pé ojú kì í ran èèyàn lọ́wọ́ nígbà náà.

Kọ́ńpáàsì yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú, torí mo fura sí i. Agbára ilẹ̀ tó ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í fà á síwájú nìkan. Ní Sweden, ó ń fa imú abẹ́rẹ́ tó kọjú sí àríwá wọlẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ lásán sílẹ̀ lọ́hùn-ún, á dorí kodò bí adìẹ tó ń mu omi. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe kọ́ńpáàsì fún àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìdí abẹ́rẹ́ wúwo ju imú lọ, kí ó lè dúró gbọọrọ. Gbé kọ́ńpáàsì yẹn dé Ṣábẹ̀ wàyí. Níbí, agbára ilẹ̀ kò fa imú abẹ́rẹ́ wálẹ̀ mọ́. Ìdí tó wúwo nìkan ló kù, á tẹ̀ sílẹ̀, á máa ha ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ń ha kì í dé àríwá. Ibi tí agbára rẹ̀ bá pin sí ló máa dúró, ìwọ á sì gbà pé àríwá nìyẹn.

Yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Gbé kọ́ńpáàsì náà sórí tábìlì pákó tó tẹ́jú, jìnnà sí irin. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dúró, kí o sì fi bírò sàmì sí ibi tó nà sí. Mú kọ́kọ́rọ́ irin kan sún mọ́ ọn títí abẹ́rẹ́ á fi yà, kí o wá yọ ọ́ kúrò. Ṣe é nígbà márùn-ún. Abẹ́rẹ́ tó yè á padà síbi àmì rẹ ní gbogbo ìgbà. Èyí tó ń ha á dúró síbí lónìí, á dúró sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kejì. Bí tìrẹ bá ń ha, rọra gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi léfòó, kí o sì máa mú un bẹ́ẹ̀ nínú igbó. Ọgbọ́n ìgbà díẹ̀ nìyẹn. Ohun tó tọ́ ni kí o ra èyí tí wọ́n ṣe fún agbègbè wa, tàbí èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo láyé. Sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ, á mọ ohun tí ò ń wí.

Ohun kan ṣì wà tó ń da abẹ́rẹ́ rú: kẹ̀kẹ́ rẹ fúnra rẹ̀, àti fóònù tó wà ní àpò àyà rẹ. Bí o bá fẹ́ wo kọ́ńpáàsì dáadáa, sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, rìn kúrò nídìí rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kí o sì ti fóònù sápò ẹ̀yìn.

Nípa oòrùn, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni, nínú oṣù Kejìlá. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wá òkúta ààlà oko kan, kìlómítà 2 sí ìlà-oòrùn ibi tí a pàgọ́ sí, lápá Kétu. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀ láàárọ̀ yẹn, èèyàn ò rí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn igi kejì. Oòrùn yọ funfun bí àwo. Mo ní ìlà-oòrùn rèé, mo kọjú sí i, mo ń lọ. Kò sí òkúta kankan. Ìyá kan tó ń wú gbágùúdá ló fún mi lómi, tó sì sọ oko ẹni tí mo wà fún mi. Mo ti fi bíi kìlómítà kan kọjá sí gúúsù ibi tí wọ́n rán mi. Nínú oṣù Kejìlá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ láti ìlà-oòrùn gan-an ní ilẹ̀ wa. Apá gúúsù rẹ̀ ló ti ń yọ, ó sì fi nǹkan bíi dígíríì 24 yà. Bí o bá tẹ̀ lé e fún kìlómítà 1, wàá ti ju 400 mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àṣìṣe tó tó láti pàdánù odindi abúlé kan.

Oòrùn kan náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́ bí o bá mọ ìgbà tó yẹ kí o wò ó. Lásìkò ọyẹ́, bí aago 1 ọ̀sán bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wà ní gúúsù gan-an. Dúró ṣánṣán, wo ibi tí òjìji rẹ nà sí: àríwá nìyẹn. Fi yẹ kọ́ńpáàsì rẹ wò nígbàkígbà tí o bá ń ṣiyèméjì.

Ètò ọ̀rẹ́ rẹ wá ńkọ́? Ní Stockholm, nínú oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í ju nǹkan bíi wákàtí 6 lọ. Ẹni tó bá lọ síbi iṣẹ́ tó dé, ilẹ̀ ti ṣú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so iná mọ́ orí, tí wọ́n ń sáré nínú òkùnkùn, tí àwọn kan sì ń fi bàtà yìnyín ṣe eré kan náà. Nígbà òtútù ni wọ́n ń kó agbára jọ, ìdíje ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tiwa yí padà. Ìgbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, ni koríko máa ń ga ju èèyàn lọ, tí ẹrẹ̀ ń di táyà mú. Ìgbà yẹn ni kí o máa gbé ohun tó wúwo, kí o máa gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀dà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igbó ṣí sílẹ̀. Má gbé kàlẹ́ńdà wọn wá síbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń rìn nígbà tí ojú ò ríran. Wọ́n ń ka ìṣísẹ̀. Fi okùn wọn 100 mítà sójú ọ̀nà, sáré é kọjá, kí o sì máa kà á nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bá balẹ̀ nìkan. Ṣe é nígbà mẹ́ta. Lọ ṣe é nínú igbó pẹ̀lú, torí iye rẹ̀ á pọ̀ sí i níbẹ̀. Lórí àwòrán 1:15 000, sẹ̀ǹtímítà 1 jẹ́ 150 mítà. Bí ọ̀pá ìdiwọ̀n bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 hàn, o mọ iye ìṣísẹ̀ tó yẹ kí o kà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì.

Kí o tó gbéra, yan ohun gígùn kan tí o kò lè ré kọjá láìmọ̀. Ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tó gba Ṣábẹ̀ kọjá láti gúúsù sí àríwá, dára fún èyí, ọ̀nà ọ̀dà náà sì wà. Bí o bá wà ní ìlà-oòrùn wọn tí gbogbo nǹkan sì dàrú, kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wàá bá wọn. Bí o bá sì ń wá afárá lórí odò kékeré kan, má dojú kọ afárá náà gan-an. Mọ̀-ọ́n-mọ̀ yà sápá ọ̀tún rẹ̀. Bí o bá dé etí odò, o ti mọ̀ pé òsì ni kí o yà sí. Ẹni tó bá dojú kọ afárá tí kò bá a ò ní mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí i nígbà tí ara ṣì le, kí ó lè máa tì ọ́ bọ̀ wálé. Máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́, torí òógùn ń gbẹ kí o tó mọ̀ pé o làágùn. Fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo imú. Bí àyà bá ń dún fée, lọ rí dókítà, má gùn ún mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́: òróró ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń dà sí i ló ń pa á. Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di ohun tó ń jẹ irin. Fi àkísà nù ún gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìrìn, kán òróró kẹ̀kẹ́ díẹ̀ sí i, kí o sì nu èyí tó kù lára rẹ̀ kúrò.

Bí o bá rí èéfín, má gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Koríko gbígbẹ kò fún èèyàn láyè láti ronú. Kí o tó so aṣọ pupa rẹ mọ́ igi kankan, lọ kí àwọn àgbà àti olóko. Àwọn òkè kan wà ní Ṣábẹ̀ tí wọ́n ń bọ, tó gba àwọn bàbá wa sílẹ̀ nígbà ogun. Àwọn ló máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé.

Ṣe ìdánwò kọ́kọ́rọ́ yẹn lálẹ́ yìí, kí o sì kọ ohun tí o rí sí mi.