Ọnà inú "aṣọ olónà", ṣé ọ̀nà tí à ń rìn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ilé ìkàwé ìjọba kan tí mo ti máa ń kàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé aṣọ kan kọ́ sára ògiri, àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ ló wà lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní aṣọ olónà ni. Ọ̀rẹ́ mi ará Ṣàgámù ní aṣọ awo ni, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà tí à ń tọ̀ ló wà nínú "olónà"? Kí sì ni ọ̀pọ̀lọ́ ń wá lára aṣọ?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe ọ̀nà tó lọ sí Ìkòròdú. Ohùn ló ń tàn yín. Ọ̀nà tí à ń tọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni látòkèdélẹ̀. Ọnà ti aṣọ yìí, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló wà nínú "iṣẹ́ ọnà" àti "oníṣọnà". Ẹlòmíì á pè é ní ọlọ́nà; lẹ́nu tiwa, olónà ni. Aṣọ tó ní ọnà lára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ pè é ní àwòrán, àmọ́ ẹ tún sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó yà á, abẹ́rẹ́ ò sì kàn án. Bí wọ́n ti ń hun aṣọ lọ ni wọ́n ń ki òwú mìíràn, èyí tó nípọn, bọ àárín òwú ìhun, títí ọ̀pọ̀lọ́ á fi yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá ìyá mi hun ún. Ẹ ò lè kí i nígbà tó bá ń ka òwú, kò ní dáhùn àfi tó bá dé etí aṣọ. Òwú kan péré tó bá ṣì kà, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kan á gùn ju èkejì lọ, á sì tú gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin ni, lórí òfì tó ń dúró gbagidi mọ́ ògiri, kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́. Òfì ìnàró yẹn kan náà ló ń bí kíjìpá tí àwọn èèyàn ń bú pé aṣọ ọ̀lẹ ni. (Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ò hun nǹkan kan rí.)

Ọ̀rẹ́ yín ò kúkú parọ́. Ìtagbè wà nínú aṣọ olónà: aṣọ kékeré tí wájawàja rẹ̀ pọ̀ létí, tí àwọn Òṣùgbó máa ń fi lé èjìká òsì. Òṣùgbó ni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń pe ohun tí àwọn mìíì ń pè ní Ògbóni. Bí ẹ bá rí ìtagbè léjìká èèyàn, ẹ mọ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀. Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, òun, ọ̀nì àti ejò ló sábà máa ń wà lára irú aṣọ yìí. Ẹ̀dá tó mọ omi tó sì mọ ilẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ ni Òṣùgbó ń bọ, ọ̀sà sì wà lẹ́bàá ilé wa.

Ojú omi yẹn náà ni aṣọ wa gbà dé Niger Delta. Àwọn Ijaw rí ọnà ara rẹ̀, wọ́n ní ikaki ni, ìyẹn ìjàpá lédè tiwọn. Àwọn obìnrin Akwete, ní Ìpínlẹ̀ Abia lónìí, wá bẹ̀rẹ̀ sí í hun irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ tiwa ló di ìjàpá lọ́dọ̀ wọn!

Ṣé èèwọ̀ ni láti gbé e kọ́ sí ilé ìkàwé? Lójú tèmi, rárá. Fífi ìtagbè sí èjìká ẹni tí kò tọ́ sí lèèwọ̀. Gbígbé e kọ́ sára ògiri fáwọn ọmọ láti wò ò ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ bá mi wo òkè rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n fi kàn án, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n rán àpò gbọọrọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì gbé e kúrò níbi tí oòrùn fèrèsé ti ń pa á.