Ṣé a lè pààrọ̀ fèrèsé ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò ní Kent?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan ní Faversham, ní Kent, wọ́n sì sọ fún wa pé Grade II ni, ìyẹn ọ̀kan lára ipò tí wọ́n ń to àwọn ilé ìtàn tí òfin dáàbò bò sí. Òtútù ń gba ojú fèrèsé onígi rẹ̀ wọlé. Kọ́lékọ́lé wa sọ pé iwájú ilé nìkan ni òfin ń ṣọ́, pé a lè fi fèrèsé oníke sí ẹ̀yìn, bí onílé àná ti ṣe sí ilé ìdáná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ilé á tù yín lára. Ohun tí kọ́lékọ́lé yín sọ kò tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á gbọ́. Bí ilé kan bá ti wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìtàn ilẹ̀ England, gbogbo rẹ̀ ni òfin ọdún 1990 dáàbò bò, tinú tòde, títí kan àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn àti ohunkóhun tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Kódà, ògiri ọgbà tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú oṣù keje ọdún 1948 lè bá a lọ. Ẹ má sì rò pé Grade II kéré: nǹkan bí ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó wà nínú ìwé náà ló wà ní ipò yìí. Ẹni tó bá pààrọ̀ fèrèsé irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda káńsù, àti ẹni tó rán an níṣẹ́, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, tàbí kí wọ́n san owó ìtanràn tí kò ní gbèdéke.

Ti fèrèsé ilé ìdáná ló ká mi lára jù. Bí onílé àná kò bá gba ìyọ̀ǹda, wọn kò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kàn yín, ṣùgbọ́n káńsù lè pàṣẹ fún ẹ̀yin tí ilé wà lọ́wọ́ yín báyìí pé kí ẹ fi owó ara yín dá a padà sí bó ṣe wà, bó ti wù kó pẹ́ tó tí wọ́n ti ṣe é, nítorí òfin kò fi iye ọdún dí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ẹ ní kí lọ́yà yín wá ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹ bá sì gba ìwé adójútòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ẹ ń ra ilé, ẹ fi han lọ́yà kí ẹ tó bá káńsù sọ ohunkóhun, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń di òfo bí ẹni tó ni ín bá fẹnu ara rẹ̀ ta káńsù lólobó.

Fún iṣẹ́ tuntun, Swale Borough Council, káńsù agbègbè tí Faversham wà, ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe káńsù gbogbo Kent. Wọn kì í gba owó lórí ìwé ìbéèrè fún ìyọ̀ǹda, ìpinnu sì sábà yẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 8. Ká sọ òótọ́, n kò rò pé wọn yóò gba fèrèsé oníke láyè, àgàgà bí gíláàsì àtijọ́ tó máa ń mú kí igi ìta dà bí ẹni tó ń mì bá ṣì wà nínú onígi yẹn.

Nínú iṣẹ́ mi, etí fèrèsé ni mo sábà máa ń bá ibi tí òtútù ń gbà wọlé, kì í ṣe igi fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà tó mọ ilé àtijọ́ tún èyí tó jẹrà ṣe, kí ó sì dí àlàfo etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi gíláàsì kejì sí i láti inú ilé, èyí tó ṣeé yọ láìba ohunkóhun jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtàn ní káńsù bóyá gíláàsì kejì yìí gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀ mọ́ ìwé ilé, torí lọ́yà ẹni tí ẹ bá ta ilé náà fún lọ́la yóò béèrè rẹ̀.