Kí ni ìtumọ̀ àmì [] tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn orúkọ checkbox?

Ìbéèrè náà nìyí: ẹnìkan fi PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò orí server, ṣe fọ́ọ̀mù kan, kí àwọn àlejò lè mú oúnjẹ tó bá wù wọ́n sílẹ̀ fún ìnáwó. Ó tíìkì checkbox (àpótí kékeré tí a ń tíìkì) mẹ́ta, ẹyọ kan ló bá ní server (kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù). Wọ́n ní kó kọ orúkọ wọn ní ounje[] dípò ounje, ó kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó wá ń bèèrè ìtumọ̀ àmì náà, nítorí ẹni tó júwe rẹ̀ fún un ní àmì náà ló ń pàṣẹ fún browser pé kó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àlàyé yìí sì ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ni. Browser kò mọ ohun tó ń jẹ́ []. Lójú tirẹ̀, apá kan lára orúkọ ni, bí a àti b. Ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, kí ẹ fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́ láìkọ àmì kankan. Ohun tí ẹ ó rí ni ounje=amala&ounje=iyan&ounje=moinmoin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáde nílé. Ọ̀dọ̀ PHP ni méjì ti ṣòfò: bó ṣe ń tò wọ́n sínú $_POST, àpò tó ń kó ohun tó dé sí, àyè kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ kan. Amala wọlé, iyan lé e jáde, moinmoin lé iyan jáde. Àmì [] ń sọ fún PHP pé kí ó la àyè tuntun fún ẹni tó bá dé. Tí ẹ bá dé inú $_POST, ẹ má wá àmì náà mọ́. $_POST['ounje'] ni ẹ ó kọ, kì í ṣe $_POST['ounje[]'].

Àṣà PHP nìyẹn. Ní Flask àti Django (ti Python), getlist('ounje') ló ń kó gbogbo wọn. Ní Java, getParameterValues ni. Àwọn yẹn kò nílò àkámọ́ kankan.

Àmọ́ ibi tí wàhálà checkbox ti ń wá gan-an kì í ṣe inú àkámọ́. Inú ìdákẹ́ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó dákẹ́ nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ó kan ẹni tó ń gbọ́ náà, torí etí kò lè mọ̀ bóyá ẹni náà kọ̀ ni, tàbí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Checkbox tí a kò tíìkì kì í sọ pé "rárá", kì í sọ "0". Kò ní sọ nǹkankan. Èyí tí ẹ kọ disabled sí náà yóò dákẹ́, bí ẹ tilẹ̀ tíìkì rẹ̀.

Nítorí náà, bí àlejò kò bá mú oúnjẹ kankan, $_POST['ounje'] kò ní sí rárá, foreach, tó yẹ kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kígbe. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí àkójọ òfìfo rọ́pò ohun tí kò sí: $ounje = $_POST['ounje'] ?? []; kí ẹ tún fi is_array yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àkójọ ni, torí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ounje=amala ránṣẹ́ láìsí àkámọ́.

Èyí tó burú jù ni ti àtúnṣe. Àlejò ti mú amala àti iyan tẹ́lẹ̀. Ó padà wá, ó yọ méjèèjì. Ẹni tó kọ kóòdù ti fi if (!empty($_POST['ounje'])), ìyẹn "bí kò bá ṣófo", yí gbogbo iṣẹ́ ìfipamọ́ ká. Ìdákẹ́ dé, kóòdù náà fò ó kọjá, amala àti iyan sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìnáwó. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi input hidden kan, tí àlejò kò ní rí, sínú fọ́ọ̀mù, bíi name="ounje_wa" value="1", kí server lè mọ̀ pé wọ́n bi àlejò ní ìbéèrè náà. Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ pa gbogbo ìlà oúnjẹ àlejò yẹn nínú database rẹ́, kí ẹ fi èyí tó dé síbẹ̀, nínú transaction kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ yọrí pọ̀ tàbí kó má yọrí rárá.

Ìdákẹ́ yìí kan náà ló ń da ìwé ìpè rú. Ẹ ní ènìyàn márùn-ún, oruko[] (orúkọ ẹni náà) àti wa[] (checkbox pé ó wá) sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tíìkì ẹnì kejì àti ẹnì kẹrin. Oruko márùn-ún ló máa dé, ṣùgbọ́n wa méjì péré, ipò wọn á sì jẹ́ 0 àti 1, torí láti 0 ni PHP ti ń kà. Ẹnì kìíní, tí kò wá, ni ẹ ó kọ pé ó wá. Ẹnì kẹrin tó jókòó níbẹ̀ á di ẹni tó pa ìpàdé jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni náà sínú àkámọ́, bíi wa[17] fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ni ní [] láìkọ́ni ní èyí ti fi ẹni tó ń kọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì.

Tí ẹ bá gbàgbé value, ohun tí checkbox ń rán, "on" lásán ni yóò dé, ẹ kò sì ní mọ oúnjẹ wo. Ẹ má gba ohunkóhun tí kò sí nínú àkójọ yín. Array_intersect, tí ń mú kìkì ohun tó wà nínú àkójọ méjèèjì, tó fún ìyẹn.

Ẹ má sì fi àmì ìdánudúró díẹ̀ (,) so àwọn oúnjẹ náà pọ̀ sínú òpó kan nínú database. Bí ẹ bá fi LIKE '%ewa%' wá ẹni tó mú ẹ̀wà, gbogbo ẹni tó mú ewaaganyin ló máa jáde pẹ̀lú wọn. Tábìlì kékeré tó ní alejo_id àti ounje_id ni ẹ nílò, kí òpó méjèèjì para pọ̀ jẹ́ primary key, ohun tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Àwa tí ń kọ Yorùbá tún ní ìṣòro kan tí ìwé àwọn mìíràn kì í mẹ́nu bà. Ẹ má kọ "ẹ̀bà" sínú value. Lẹ́tà ẹ̀ yẹn kò ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode: ó lè jẹ́ ẹ tí a fi ohùn lé lórí, ó sì lè jẹ́ è tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n PHP yóò ní wọn kò dọ́gba. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi sínú value, kí àmì ohùn wà nínú label tí àlejò ń kà.