Máàsítà tí òbí ṣe ní yunifásítì kan lè má ran ọmọ lọ́wọ́ láti wọlé síbẹ̀ o

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o mà. Ẹ bèèrè bóyá máàsítà tí dádì wọn ṣe ní yunifásítì aládàáni ńlá yẹn l'Amẹ́ríkà máa jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ yín wọlé síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú lé e. Ojú mi ti rí i.

Èmi náà ṣe máàsítà nírú iléèwé bẹ́ẹ̀, súwẹ́tà wọn tí mo rà lọ́dún tí mo jáde, àkọ́bí mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, látìgbà tó ti tóbi jù fún un ló ti ń wọ̀ ọ́, gbogbo wa nílé sì ti gbà pé ibẹ̀ náà ló ń lọ. Ìgbà tá à ń kọ fọ́ọ̀mù Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wá ọ̀pọ̀ yunifásítì l'Amẹ́ríkà, a débi tí wọ́n ti ń bèèrè iléèwé táwọn òbí lọ, tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé dígírì àkọ́kọ́ nìkan niléèwé yẹn ń kà, pé tó bá jẹ́ máàsítà lẹ ṣe, lójú tiwọn ọmọ yín kì í ṣe legacy rárá, ìyẹn ọmọ ẹni tó ti kàwé níbẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣojúure sí. Mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí èsì jáde nínú oṣù December, orí àtẹ̀gùn lọmọ yẹn jókòó sí tó fi ṣí i lórí fóònù, kò sunkún, ó bọ́ súwẹ́tà yẹn, ó ká a, ó ní "Mọ́mì, ẹ gbà á." Ohun tó dùn mí jù ni pé ó rò pé òun ló ba nǹkan ìdílé jẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀ lé e lórí.

Mi ò sọ pé legacy ò níṣẹ́ tó ń ṣe o. Nínú ẹjọ́ Yunifásítì Harvard tó dé Supreme Court Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ tó jáde ní kóòtù fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tó kàwé níbẹ̀, wọ́n ń gba bíi 33, àwọn tí kì í ṣe legacy, bíi 6 péré. Ṣùgbọ́n ẹ yí i wò: nínú mẹ́ta, méjì ni wọ́n dá padà, ọmọ onílé ni wọ́n o! Ibi tí ọmọ méjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lorúkọ òbí ti ń ti ọ̀kan síwájú. Àwọn iléèwé míì ò tiẹ̀ wò ó, MIT àti Caltech ò kà á, Johns Hopkins àti Amherst ti jáwọ́, ìpínlẹ̀ California náà fòfin dè é lọ́dún 2024, òfin yẹn sì kan àwọn yunifásítì aládàáni pàápàá.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sọ nǹkankan létí ọmọ yẹn, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì admission wọn, ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n ń ka máàsítà òbí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó gba early decision, ìyẹn kó tètè kọ fọ́ọ̀mù síléèwé kan ṣoṣo pẹ̀lú àdéhùn pé ibẹ̀ lòun máa lọ, ẹ rántí pé tí wọ́n bá ti gbà á, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ, ẹ ò ní ráyè fi owó ìrànwọ́ tibẹ̀ wé tibòmíì.

Àbúrò àkọ́bí mi tó tẹ̀ lé e, ohun tó fẹ́ kọ́ ni mo kọ́kọ́ bi í. Òun fúnra ẹ̀ ló to orúkọ iléèwé mẹ́jọ sílẹ̀, tèmi ò sí níbẹ̀, mi ò sì dá sí i. Súwẹ́tà yẹn wà nínú àpótí mi.