Ajá àgbà kì í mọ ọ̀gá tuntun? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ lọ gba ajá kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ń dóòlà ẹranko. Wọ́n ní yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, abẹ́ tábìlì ló ń gbé. Tí a bá pè é, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dìgbà tí gbogbo wa bá sùn kó tó jẹun. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ajá ti sọ fún ọkọ mi pé ajá tó bá ti ní ọ̀gá rí kò lè fẹ́ràn ẹlòmíì mọ́, pé ká dá a padà, ká wá ra ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ òun. Tàbí ká ra oògùn kan tí a ó pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀, tí yóò fi gbàgbé ilé àtijọ́. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Ìgbà kẹrin rèé láàárín oṣù méjì tí wọ́n á bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ oògùn kúrò nílẹ̀. Kò sí oògùn tí ajá ń jẹ tí yóò fi gbàgbé ilé. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi rí, oògùn oorun ènìyàn ni wọ́n lọ̀ kúnná. Ajá tó bá jẹ ẹ́ á dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbé e dáadáa, ẹni tó tà á á sì máa yangàn pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ọkàn wo ló balẹ̀? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kú. Tí ẹ bá ti rà á, ẹ dà á nù.

Ó wá ku irọ́ yẹn gan-an. Ó ṣòro tú nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá tí wọ́n bí ọmọ ajá, àwọn mìíràn ní títí dé ìkẹrìnlá, ohun tó bá rí, tó sì gbọ́, ló ń gbà bí ohun tí kò léwu: ènìyàn, ọmọdé, ariwo ọkọ̀. John Paul Scott àti John Fuller ṣe ìwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Ajá tí kò bá fojú kan ènìyàn rárá nígbà yẹn, wàhálà ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí ajá mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kó fẹ́ràn lágbájá, ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ ló ní àsìkò. Ajá yín ti bá ènìyàn gbé rí, ó ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà ń pè ní àléébù gan-an ni ẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ní 2001, Márta Gácsi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hungary gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ajá àgbà tó wà ní ilé ìdóòlà. Ẹnì kan tí ajá náà kò mọ̀ rí á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá kó ẹni yẹn àti àjèjì wọ yàrá kan náà pẹ̀lú ajá, ẹni yẹn ni ajá ń fà mọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lápapọ̀, ajá tí wọ́n ní kò lè fẹ́ràn ẹnikẹ́ni mọ́!

Ẹ tún wo ajá tó ń ṣamọ̀nà afọ́jú. Ilé ẹ̀kọ́ The Seeing Eye ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà láti 1929. Ìdílé kan á tọ́ ajá náà fún nǹkan bí ọdún kan, á bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ríran. Ọwọ́ kẹta nìyẹn, ajá sì ti dàgbà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ajá ń fẹ́ràn ènìyàn láyé rẹ̀, ta ni ì bá gbà kó mú òun sọdá títì?

Ní ti ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin, ọmú ló ṣì yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ajá yín kò kọ̀ yín o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó pàdánù ilé, ó gbé láàárín ajá tó ń gbó tọ̀sán tòru, ó tún bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má retí ìmoore lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n dóòlà òun. Ẹ má fà á jáde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Kí àkókò oúnjẹ àti ti ìrìn má yẹ̀. Ẹ pe ẹgbẹ́ tó fún yín ní ajá pẹ̀lú. Àwọn ló bá a gbé, wọ́n á mọ ohun tó fẹ́ràn, èyí tó bá sì mọ iṣẹ́ kò ní í bínú pé ẹ pè.

N kò tíì fojú kan ajá yín o, mi ò lè búra. Eyín dídùn tàbí egbò etí náà lè mú ajá sápamọ́. Tó bá lo ọjọ́ méjì láìjẹun, tàbí tó ń bì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó wà nítòsí. Kí àwọn ọmọ má sì rá wọ abẹ́ tábìlì bá a rárá, nítorí ajá tí ẹ̀rù ká mọ́gun lè géni jẹ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ pé ajá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àrùn dìgbòlugi, tó bá ti fara hàn lára ènìyàn tán, agbára káká ni olúwarẹ̀ fi ń yè é.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ jìnnà sí tábìlì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Tó bá jẹ ẹ́, ẹ tún sún un lọ́la. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ dá a padà síbi tó wà, kí ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan sí i.