Èsì: Báwo la ṣe máa gbé ara wa ró lásìkò ọ̀wọ́n epo yìí?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ará ojúlé yín kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá ní 2023, nígbà tí lítà epo kúrò ní nǹkan bí 190 náírà, tó kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyá kan ní ilé wa ló gbé ìkòkò ẹ̀wà síta nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Èyí mú ata wá, èyí mú gààrí. Ẹnu oúnjẹ la wà tí bàbá onítakisí fi sọ pé òun ti ta ọkọ̀, ló bá bú sẹ́kún. A ò gbà á nímọ̀ràn kankan (ẹ sì mọ̀ wá mọ́ ìmọ̀ràn!), a kàn jókòó tì í. Ẹ̀yin náà, ẹ pe ará ilé yín jọ jẹun bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má pè é ní ìpàdé o, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ dáwó.