Kí ló dé tí ìró Orò fi ń lé obìnrin wọlé ní Ìkòròdú?

Àǹtí mi, ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìkòròdú, wọ́n kéde ọdún Orò pé kí obìnrin má jáde, ẹ wá ń bi wá pé kí ló dé tí ohun tẹ́ ò rí fi lè lé yín wọlé.

Etí ni wọ́n fi ń mọ Orò. Egúngún ní ẹ̀kú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ère tó ń gbé sórí, Orò ò ní nǹkan kan tí wọ́n máa gbé síta fún yín wò, ohùn ẹ̀ lásán ló ń jáde, á máa kùn, á máa hu, ẹ máa rò pé ó ti dé ẹ̀yìnkùlé yín, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó tún ti jìnnà. Ohun tó ń mú ìró yẹn jáde ńkọ́? Ẹ má bi mí, awo ni. Àwọn àgbà ní obìnrin lè ṣawo Egúngún, ó lè mọ awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àmọ́ tó bá fojú kan Orò, Orò á gbé e.

Ìtàn ìlú sọ pé láti Ṣàgámù làwọn tó tẹ Ìkòròdú dó ti wá, Rẹ́mọ ni wọ́n. Lọ́dún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí Ìkòròdú sì bọ́ sínú ẹ̀, èrò wá ń wọ́ wá ṣáá, ká sòótọ́, tẹ́ ẹ bá dúró ní gáréèjì lónìí, jẹnẹrétọ̀, agbèrò àti sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa gbọ́, ẹnu Rẹ́mọ gan-an ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ Orò lẹ tó máa mọ ẹni tó nilẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù àjèjì ì báà kọ́lé mẹ́wàá, ìyàwó ẹ̀ ṣì máa wọlé.

Ibi tó ti wá ń kan mí lára ni pé ọmọbìnrin Ìkòròdú pọ́ńbélé, tí wọ́n bí bàbá bàbá ẹ̀ síbẹ̀, òun náà á tilẹ̀kùn mọ́rí. Ìró tó ń fi onílẹ̀ hàn yìí ò ka òun mọ́ onílẹ̀. Àwọn tó ń fa òfin yọ ń tọ́ka sí abala 41 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tó ní kí ọmọ Nàìjíríà máa rìn fàlàlà, èmi ò sì rí wọn bá wí, torí ìyá tó ń ta tòmátò ò lówó ọjọ́ kan tó máa fi ṣòfò. Témi ni pé kí Orò máa gba òru, kí wọ́n fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ọjà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà, ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ jàre, tẹ́ ẹ bá sì ní àbúrò obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, kó sùn síbẹ̀.